Ìbídùn Wà ní Káírò, Kọ́lápọ̀ Wà ní Adéwọlé

Kọ́lápọ̀ ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé ní àárọ̀ Sátidé kan nígbà tí Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé òun fẹ́ lọ máa kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Káírò. Àwàdà ni ọkùnrin náà pè é. Ó bú sẹ́rìn-ín, díẹ̀ ló kù kí abẹ gé e lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Káírò ti Íjíbítì?"

"Ṣé òmíràn tún wà ni?"

"Níbi tí tọmọdé tàgbà ti ń sọ Lárúbáwá? Kí ni wọ́n fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe?"

"Ohun tí àwa náà ń fi Lárúbáwá ṣe níbí ni," Ìbídùn dá a lóhùn. Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni Kọ́lápọ̀ gbé abẹ sílẹ̀.

Ọkùnrin ará Íjíbítì kan wà ní ilé-ìwé girama tí Ìbídùn ti ń ṣe tíṣà ní Ìlọrin. Ìjọba ìlú rẹ̀ ló rán an wá láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní Lárúbáwá. Bí ó ti ń múra àtipadà sílé, ó sọ fún Ìbídùn pé àwọn ilé-ìwé aládàáni ní Káírò ń wá tíṣà Gẹ̀ẹ́sì lójú méjèèjì, pé òun mọ ọ̀kan tí yóò gbà á. Ọdún 1991 nìyẹn. Kò sí ohun tí ènìyàn ń rà lọ́jà tí kò gbówó lórí. Owó oṣù tíṣà a máa pẹ́ kí ó tó dé. Bí ó bá sì dé, kì í la ọjà Ìpàtà kọjá. Kọ́lápọ̀ alára, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, àwòrán ilé ni ó máa ń yà. Ó ti ya ilé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àmọ́ inú ilé tí wọ́n háyà ní Adéwọlé ni òun, ìyàwó rẹ̀ àti Ìfẹ́olúwa ọmọ wọn kan ṣoṣo ń gbé. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́rin.

"Ọdún méjì péré ni àdéhùn wọn," ni Ìbídùn wí. "Bí mo bá dé, a ó ra ilẹ̀ sí apá Basin, ìwọ fúnra rẹ ni yóò ya ilé náà."

Kọ́lápọ̀ kì í ṣe ọkọ tí í di ojú ọ̀nà mọ́ aya. Ó ronú sí i fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ní kò burú. Ìyá Ìbídùn ni ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ létí. Nígbà tí wọ́n lọ sọ fún un ní Ọ̀mù-Àrán, ìyá náà ń wò wọ́n títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán.

"Àwọn ẹlòmíràn ń re ìdálẹ̀ láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́," ó ní, "ọmọ tèmi ń lọ láti lọ kọ́ wọn. Ó wú mi lórí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ ọmọ tìrẹ ní ohun tó yẹ kí ìyá kọ́ ọmọ?"

Ẹni tí ó dáhùn ìbéèrè yẹn ni Binta, opó tí ń gbé ní ilé kejì sí tiwọn. Ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé ni, ó ń ta àgbàdo àti ẹ̀wà ní Ìpàtà, ó sì dàgbà ju Ìbídùn lọ dáadáa. Mùsílíù ọmọ rẹ̀ ti wà ní Káírò láti bí ọdún mélòó kan, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní yunifásítì tó wà níbẹ̀. Nígbà tí Binta gbọ́ ibi tí Ìbídùn ń lọ, ó pàtẹ́wọ́.

"Ìyá Ìfẹ́, ọkàn rẹ kó balẹ̀," ó ní. "Ọmọ tèmi wà lọ́hùn-ún, ọmọ tìrẹ wà níbí. Bá mi fojú sí tèmi, màá bá ọ fojú sí tìrẹ. Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí i."

Bẹ́ẹ̀ ni Ìbídùn ṣe lọ ní oṣù kẹsàn-án.

Wọ́n ti fẹnu kò pé àwọn kò ní máa kọ lẹ́tà. Lẹ́tà ń sọnù lójú ọ̀nà, ọmọ wọn kò sì tíì mọ̀wé. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọn yóò máa gbohùn sí. Àwọn ọmọ Ìlọrin tí ń kàwé ní Káírò kì í wọ́n lójú ọ̀nà: ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀, wọn yóò sì máa bá wọn mú un. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ dé, Kọ́lápọ̀ pe Binta wá, gbogbo wọn jókòó yí rédíò ká. Bí ohùn Ìbídùn ti jáde, "Ẹ kú ilé o, Ìfẹ́ mi, ṣé o ń jẹun?", ọmọ náà dìde, ó lọ wo ẹ̀yìn rédíò.

Àwọn kásẹ́ẹ̀tì ìbẹ̀rẹ̀ dùn. Ìbídùn sọ nípa odò ńlá tó la ìlú náà já, nípa búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé lérí lọ lórí kẹ̀kẹ́, nípa ilé tí wọ́n fún un ní àjà keje. Ó ní ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn lọ sókè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti kú kí òun tó dé, wọn kò sì tíì sin ín. Binta rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Bí oṣù ti ń gorí oṣù, àwọn nǹkan mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde.

"Ẹ gbọ́," Ìbídùn sọ nínú ọ̀kan, ariwo hóònù sì kún inú rédíò. "Fèrèsé ni mo ṣí yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́. Bí mo bá fi aṣọ funfun nu ojú mi, dúdú ni yóò dà. Kọ́lá, èmi tí mo gba dìgírì, púrúǹtù ni mí níbí o. Nọ́ńbà tó wà lára bọ́ọ̀sì, mi ò mọ̀ ọ́n kà, wọn kì í kọ ọ́ bíi tiwa. Èyí tí mo rí tí mo ní òdo nìyí, márùn-ún ni lọ́dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ kan mo wọ bọ́ọ̀sì, ó gbé mi jáde sí ibi tí ilé parí sí, tó kan yanrìn. Ọmọdé kan ló dì mí lọ́wọ́ mú padà."

Nínú òmíràn, ó ní ọjọ́ Àìkú gan-an ni òun ń wọ kíláàsì, nítorí ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn fi ń sinmi. Ó ní òun rí ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n ń ṣe ìsìn ní ọjọ́ Jímọ̀, ṣùgbọ́n bí òun ti ń kọrin níbẹ̀, ń ṣe ni ara òun ń sọ pé ọjọ́ Àìkú kò tíì dé.

Ti ilé-ìwé náà ló dun Kọ́lápọ̀ jù. Obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì Ìbídùn wọ inú ọgbà ilé-ìwé lọ́jọ́ kan, ó wọ gíláàsì dúdú, ó ní òun fẹ́ rí tíṣà Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi Ìbídùn hàn án. Ó ní rárá, òyìnbó tó ń kọ́ni ni òun ń sọ. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ẹni tó ni ilé-ìwé lọ gba ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan tó wá wo ilẹ̀ kiri, tí kò kọ́ni rí láyé rẹ̀. Owó rẹ̀ ju ti Ìbídùn lọ. Lọ́jọ́ tí àwọn òbí bá ń bọ̀, òun ni wọ́n ń gbé síwájú. Ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ, Ìbídùn ló ń bá a tò ó sílẹ̀.

"Ọ̀gá ní kí n máa sọ fún àwọn òbí pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí mi sí," Ìbídùn wí. "Mo ní Ọ̀mù-Àrán ni. Ó ní ibo nìyẹn? Mo ní kò sún mọ́ Lọ́ńdọ̀nù rárá."

Ó rẹ́rìn-ín nínú kásẹ́ẹ̀tì náà. Binta náà rẹ́rìn-ín. Kọ́lápọ̀ kò rín in. Ó mọ ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀ bí ó ṣe mọ ọ̀nà ilé, èyí kò dé inú. Ohun mìíràn tún wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: Yorùbá Ìbídùn ti ń falẹ̀. Ó ń gé ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gé iṣu fún ọmọ tí kò tíì léyín, torí pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò bá a sọ tilé.

Ní Adéwọlé, Kọ́lápọ̀ ń ṣe baba, ó ń ṣe ìyá. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dirun lọ́dọ̀ Binta. Irun náà a máa wọ́ bí ọ̀nà oko, ọmọ a sì máa fi yangàn káàkiri àdúgbò. Ibà dá Ìfẹ́olúwa wólẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Binta gbé e lé ẹ̀yìn lọ sí ọsibítù, ó pa ọjà tì títí ara ọmọ fi yá. Kọ́lápọ̀ kò sọ èyí nínú kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Kò sì sọ pé nígbà tí àwọn ènìyàn bá bi ọmọ náà pé ìyá rẹ̀ ńkọ́, èsì tó ń fún wọn ni pé, "Ó wà nínú rédíò."

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ àárín òjò ọdún 1992, Mùsílíù wá sílé fún ìsinmi. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kọ́lápọ̀ pè é sẹ́yìn ilé.

"Mùsílíù, má fi ohunkóhun pamọ́ fún mi. Báwo ni ìyàwó mi?"

Mùsílíù wo ilẹ̀. "Bùrọ̀dá, Àǹtí ń gbìyànjú. Ọjọ́ Jímọ̀, tí mo bá kírun tán, mo máa ń yà sọ́dọ̀ wọn. Mo ti ń kọ́ wọn ní nọ́ńbà, wọ́n ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ṣùgbọ́n wọ́n dá wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí mo bá dé, wọn á kàn ní kí n jókòó kí n máa sọ Yorùbá, ohunkóhun tó bá wù mí, kí àwọn kàn máa gbọ́ ọ."

"Kí ló dé tí kò wálé? Mo ti sọ fún un pé bí ó bá sú u kó máa bọ̀."

"Ilé-ìwé ti gba páàsìpọ́ọ̀tù wọn sọ́wọ́. Wọ́n ní ó di ọjọ́ tí ọdún méjì bá pé."

Kọ́lápọ̀ kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó di gàrí, èlùbọ́ àti irú jọ fún Mùsílíù, ó gbohùn sí kásẹ́ẹ̀tì tuntun, ó ní, "Ìbídùn, ilẹ̀ Basin kò sá lọ síbì kankan. Ìwọ ni mo fẹ́." Mùsílíù gbé wọn lọ.

Kò ju oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Ajé kan ní oṣù kẹwàá, Kọ́lápọ̀ ń tún bàtà Ìfẹ́olúwa ṣe nígbà tí rédíò sọ pé ilẹ̀ ti mì tìtì ní Káírò. Ó ní ilé wó. Ó ní ọ̀pọ̀ àwọn tó kú jẹ́ ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ lórí àtẹ̀gùn níbi tí wọ́n ti ń sá.

Bàtà bọ́ lọ́wọ́ Kọ́lápọ̀. Ó jáde, ó sì bá Binta lójú ọ̀nà tí òun náà ń sáré bọ̀, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n sì jọ gba ọ̀nà ìkóríta lọ.

Ilé oògùn Danjuma, ní ìkóríta, ni tẹlifóònù tó sún mọ́ wọn jù wà. Òun ni wọ́n ti fún Ìbídùn àti Mùsílíù ní nọ́ńbà rẹ̀. Danjuma jẹ́ kí wọ́n pe ilé-ìwé náà, ó pè é fúnra rẹ̀ títí ìka rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Kò wọlé. Lọ́jọ́ kejì Kọ́lápọ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, ó dúró sí orí ìlà pẹ̀lú àwọn tí ọmọ wọn wà ní Káírò bíi tiwọn. Kò wọlé. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà.

Binta kò lọ sí ọjà. Ó ń se oúnjẹ, ó ń gbé e wá fún Kọ́lápọ̀ àti ọmọ rẹ̀, yóò jókòó tì wọ́n, tẹ̀súbáà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Mùsílíù, ẹ jẹ́ kí n ṣe é lónìí," Kọ́lápọ̀ wí. "Ẹ̀yin náà ní ọmọ níbẹ̀."

"Bí mi ò bá se oúnjẹ, kí ni mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe?" Binta dáhùn. "Jókòó, jẹun. Èmi àti ìwọ ni a jọ ń retí. Ìrètí tí ènìyàn méjì bá jọ gbé rù kì í ṣẹ́ni lọ́rùn."

Ìfẹ́olúwa ní kí wọ́n ṣí rédíò, òun fẹ́ bá màmá òun sọ̀rọ̀. Kọ́lápọ̀ ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́. Bí ohùn Ìbídùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó rìn jáde lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó fi apá bo ẹnu rẹ̀ kí ọmọ má baà gbọ́ ọ.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Danjuma fúnra rẹ̀ sáré wọ àgbàlá wọn, aṣọ funfun tí ó fi ń ta oògùn wà lọ́rùn rẹ̀, bàtà rẹ̀ kan ti já sọ́nà. "Wọ́n pè!" ó ń pariwo. "Wọ́n ní àwọn ń padà pè! Ẹ máa bọ̀!"

Kọ́lápọ̀ gbé ọmọ sí èjìká, Binta ká ìró sókè, wọ́n tú jáde. Bí wọ́n ti ń wọ ilé oògùn ni tẹlifóònù ń dún. Danjuma nà án sí Binta nítorí òun ló dàgbà jù. Mùsílíù ló wà níbẹ̀.

"Ìyá mi, mo wà láàyè," ó ní.

"Alihamudulilai," ni Binta wí. Àmọ́ kò dúró bèèrè ibi tí ọmọ rẹ̀ sùn sí tàbí ohun tí ó jẹ. Èyí tó kàn lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ìyá Ìfẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí."

Binta fi tẹlifóònù lé Kọ́lápọ̀ lọ́wọ́. Kọ́lápọ̀ gbé e sétí. Ìbídùn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ń sọ ọ́ wéré wéré bí òjò àkọ́rọ̀, bí ará Ọ̀mù-Àrán ṣe ń sọ ọ́: "Kọ́lá mi, èmi nìyí, apá mi ló kán, ṣùgbọ́n wọ́n ti dì í, mi ò kú o, Kọ́lá, mo fẹ́ wá sílé."

"Máa bọ̀," Kọ́lápọ̀ wí. Ibẹ̀ ni tẹlifóònù já. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló rí sọ, ó sì tó. Danjuma kò gba kọ́bọ̀. Ó wọ ẹ̀yìn káńtà lọ, ó fi ẹ̀yìn sí wọn, ó ń nu ojú rẹ̀.

Ọyẹ́ ti mú dáadáa kí Ìbídùn tó dé. Ọkọ̀ òfurufú gbé e dé Kánò, ó fi mọ́tò wọ Ìlọrin láti ibẹ̀. Ó ti rù, apá òsì rẹ̀ kò sì nà tán. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, tí omi ti tutù lọ́fun, ó ròyìn bó ṣe rí fún Kọ́lápọ̀ àti Binta.

Ó ní àjà kẹta ilé-ìwé ni kíláàsì òun wà. Bí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì, àwọn ọmọ dìde gìrọ́, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì tí òun ti ń sọ láti ọdún tó kọjá ńkọ́? Ó ti fò lọ.

"Yorùbá ló jáde," ó wí. "Mo ké pé, 'Ẹ dúró! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sáré!' Kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tí mo wí, àmọ́ gbogbo wọn dúró. Bóyá torí pé wọn ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu mi rí ni. Mo fi ara mi dí ilẹ̀kùn, mo ń mú wọn jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa rìn mọ́ ara ògiri. Àwọn kíláàsì òkè ló ya bo àtẹ̀gùn bí omi. Wọ́n gbá mi mọ́ irin, ibẹ̀ ni apá ti kán. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tèmi jáde tán. Wọ́n jáde tán o."

"Òyìnbó yẹn ńkọ́?" Kọ́lápọ̀ bèèrè.

"Ẹ má bú u. Ó gbé ọmọ sẹ́yìn, ó gbé ọmọ sí àyà, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ọmọlúwàbí ni. Ìyà ìlú yẹn kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀."

Ilé tó ń gbé ti sán, àwọn sójà ti dí ẹnu ọ̀nà. Mùsílíù wá a débẹ̀, wọ́n lé e. Ó wá a dé ilé-ìwé, ó wá a láti ọsibítù kan dé òmíràn, ó ń bèèrè obìnrin dúdú tó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó bá a lórí ilẹ̀ nínú ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù kan, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi bò ó, ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyàwó ọmọ Ìlọrin mìíràn tí wọ́n jọ ń kàwé. Ibẹ̀ ni ó wà títí apá rẹ̀ fi san.

Ẹni tó ni ilé-ìwé kò fẹ́ dá páàsìpọ́ọ̀tù rẹ̀ padà. Ó ní ọdún kò tíì pé. Obìnrin onígíláàsì dúdú ọjọ́sí, tí ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tí Ìbídùn mú jáde, ló gbọ́. Ó gbé mọ́tò rẹ̀ wá, ó wọ ọ́fíìsì lọ. Àwọn tó wà níta ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó fi páàsìpọ́ọ̀tù lé Ìbídùn lọ́wọ́.

"Ṣé obìnrin náà bẹ̀ ọ́?" Binta bèèrè.

"Kò sọ ohunkóhun. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wò mí, ó gbé mi lọ sí ibi tí mo ń lọ. Ìyẹn tó mi."

Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yìn Binta ni Ìfẹ́olúwa wà. Ó ti kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kí àlejò, "Ẹ káàbọ̀, mà," ó sì ti padà lọ di ìró Binta mú. Ìbídùn ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ọmọ náà rọra dìde, ó lọ fi etí ti rédíò, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó yíjú wo ìyá rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti jáde ni?" ó bèèrè.

"Mo ti jáde, ọmọ mi," Ìbídùn wí, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. "Mo ti jáde tán."

Kò rọrùn lọ́jọ́ kan. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, bí tírélà bá kọjá lójú títì, Ìbídùn yóò dìde dúró. Àwọn ará àdúgbò tí wọ́n rò pé ó kó ẹrù bọ̀ láti òkè òkun ń yọjú, wọ́n ń bá àpótí kan ṣoṣo. Ipò rẹ̀ ní ilé-ìwé àtijọ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí ìjọba tún gbà á, abúlé kan lẹ́yìn Ìlọrin ni wọ́n gbé e lọ, níbi tí àwọn ọmọ ti ń darí màlúù kí wọ́n tó wá sí kíláàsì. Kọ́lápọ̀ rò pé yóò bínú. Kò bínú.

"Ọmọ kan wà níbẹ̀," ó sọ fún ọkọ rẹ̀, "tó ń wo nọ́ńbà bí mo ṣe ń wo ara bọ́ọ̀sì ní Káírò. Tẹ́lẹ̀, mi ò bá ti ní olódo ni. Ní báyìí mo mọ bó ṣe ń ṣe é nínú. Mo jókòó tì í."

Ní oṣù kìíní ọdún 1993, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Binta wá. Ó wọ aṣọ funfun, ó fi ìborùn bo orí, ó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá. Nígbà tí wọ́n pe àwọn ẹbí kí wọ́n wá síwájú, Kọ́lápọ̀ rìn lọ sẹ́yìn lọ mú un. Ìjọ yí orí padà. Binta ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Bàbá Ìfẹ́, fi mí sílẹ̀, fi mí sílẹ̀," àmọ́ ó ń tẹ̀lé e, Ìfẹ́olúwa sì di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú.

Wọn kò tíì rí ilẹ̀ Basin rà nígbà náà, owó Káírò sì ti bá owó ọkọ̀ àti ti ọsibítù lọ. Bí Kọ́lápọ̀ bá rò ó, kì í dùn ún tó bí ó ṣe rò pé yóò dùn ún. Ó rí i pé ohun tí wọ́n mú bọ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n torí rẹ̀ lọ, òun kò sì jẹ́ fi í ṣe pàṣípààrọ̀.

Mùsílíù parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó dé ní ọdún 1994. Lárúbáwá rẹ̀ jinlẹ̀ bí kànga, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò sí iṣẹ́ tíṣà fún un bí kò bá yege nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Ó wá sọ ọ́ fún Ìbídùn ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó dojú bolẹ̀. Ìbídùn kò jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀. Ó wọlé, ó gbé tábìlì jáde sí fàráńdà, ó gbé àga méjì tì í.

"Jókòó," ó ní. "Kò sí ìkánjú. Ibi tí kò bá yé ọ, a ó tún un ṣe."

Láti ìgbà náà, lẹ́yìn ìrun Àṣárì, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń wà. Kọ́lápọ̀ a ti ibi iṣẹ́ dé, a gbé àga tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, a máa gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ bí ó ti ń pe ọ̀rọ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí Mùsílíù ń pè é tẹ̀lé e. Ìfẹ́olúwa náà a máa pè é pẹ̀lú wọn láti inú ilé, a sì máa pariwo bí Mùsílíù bá ṣì í pè. Ìgbà mìíràn Ìbídùn a dá iṣẹ́ dúró, a bá ọmọ rẹ̀ jà pé kó wá jẹun, ọmọ a dá a lóhùn pé, "Màmá, mò ń bọ̀ jàre!" Ìyá a bínú sí "jàre" yẹn. Kọ́lápọ̀ kì í bínú sí i. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ara rẹ̀, ó ń fẹ́ kí ọmọ náà tún un sọ.